Orúkọ Novgorod nínú gbólóhùn: báwo ni ẹ ṣe ń lò ó?

Ìbéèrè:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù kẹta mi rèé ní Rọ́ṣíà. Mo fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Novgorod, ìlú àtijọ́ tó wà lẹ́bàá odò Volkhov. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ní Mọ́skò, mo ní “Novgorod”, mo sanwó, mo sì gba ìwé mi. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí i pé Nizhny Novgorod ni wọ́n kọ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe yẹ kí n sọ ọ́?

Èsì láti Saint Petersburg:
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Bí ènìyàn bá sọ pé Ìjẹ̀bú lòun ń lọ, tí kò fi Òde, Igbó tàbí Jẹ̀ṣà kún un, awakọ̀ yóò tún bi í léèrè. Novgorod méjì ló wà, ọ̀nà wọn kò sì papọ̀ rárá. Velikiy Novgorod, èyí tó túmọ̀ sí Novgorod Ńlá, ni ìlú tí ò ń wá, tí ìwé ìtàn wọn ti dárúkọ láti ọdún 859. Ó wà ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Mọ́skò, kò sì jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa níbí. Nizhny Novgorod, Novgorod Ìsàlẹ̀, ni wọ́n tẹ̀ dó ní 1221, níbi tí odò Oka ti wọnú odò Volga, ní ìlà oòrùn Mọ́skò. Gorky ni wọ́n ń pe ti ìsàlẹ̀ yìí láti 1932 títí di 1990 tó fi gba orúkọ rẹ̀ padà. Ní 1999 ni òfin wá fi Velikiy kún orúkọ èkejì.

Ìparí orúkọ náà ló le jù. Ní èdè tiwa, a lọ sí Ìbàdàn, a wà ní Ìbàdàn, a ti Ìbàdàn dé, Ìbàdàn kò sì yí padà. Ní èdè Rọ́ṣíà, “v” kan náà ni wọ́n ń lò fún “sí” àti fún “ní”, nítorí náà ìparí orúkọ ni olùgbọ́ fi ń mọ̀ bóyá o ti dé tàbí o ṣì ń lọ. “Ya yedu v Velikiy Novgorod”: mò ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀. “Ya zhivu v Velikom Novgorode”: ibẹ̀ ni mò ń gbé. “Ya iz Velikogo Novgoroda”: ibẹ̀ ni mo ti wá. Kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ló jọ ń yí padà. Bákan náà, “Velikogo” ni wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n “Velikovo” ni wọ́n ń pè. “D” tó parí Novgorod a sì máa dún bí “t”, àfi bí fáwẹ̀lì bá tẹ̀lé e.

Èsì láti Nizhny Novgorod:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Àwọn ará ìlú tí mò ń gbé kì í sábà pe orúkọ náà tán. “V Nizhnem” ni wọ́n ń wí. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, inú rélùwéè ni mo wà tí mo fi kọ̀wé sí ìyá onílé mi pé “Ya v Nizhnem”, nígbà tó jẹ́ pé mo fẹ́ sọ pé mò ń bọ̀. Màmá náà rò pé mo ti délé, wọ́n sì gbé tíì kaná. Nígbà tí mo wọlé, ife méjì wà lórí tábìlì, tíì inú wọn ti tutù nini.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fọ́ọ̀mù o: Novgorodskaya ni ìpínlẹ̀ ti Velikiy, Nizhegorodskaya sì ni tiwa.

Èsì láti Saint Petersburg:
Bí o bá padà síbẹ̀, sọ pé: “Odin bilet do Velikogo Novgoroda, pozhaluysta.” Tíkẹ́ẹ̀tì kan dé Novgorod Ńlá, ẹ jọ̀ọ́. Kọ Великий Новгород sórí ìwé dání pẹ̀lú.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo padà lọ láàárọ̀ yìí. Obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tún un pè kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde, “do Velikogo Novgoroda”, mo sì gbọ́ “vo” náà ketekete.