Nano-emulsion òróró àgbọn fún ibuprofen: kí ló ń mú un yapa?

ỌmọÀjárà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nano-emulsion ni mò ń ṣe, ìyẹn òróró tó fọ́n ká sínú omi ní ẹ̀kán tín-ín-tìn-ìn-tín. Òróró àgbọn tí wọ́n ń ṣe nílé ní Àgbádárìgì níbí ni mo fẹ́ kó gbé ibuprofen (oògùn ìrora), kí oògùn náà máa jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú gẹ́ẹ̀lì ìpara. Nínú gíráàmù 100: òróró 10, Tween 80 (tó ń mú òróró àti omi rẹ́) jẹ́ 4, ibuprofen 1, ìyókù omi. Mo fi bílẹ́ńdà pò ó fún ìṣẹ́jú 10. Ó sun inú fìríìjì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, òróró ti léfòó.

ApoògùnẸ̀pẹ́: Òróró yín ò tíì kúnná tó. Bí ẹ̀kán kan bá fi ìlọ́po 10 kéré sí òmíràn, ìlọ́po 100 ni yóò fi falẹ̀ jù ú lọ kó tó léfòó. Bílẹ́ńdà ò lè gé e dé nanometer 200 (mílíọ̀nù kan nanometer ló wà nínú mìlímítà kan). Ẹ fi ṣe àpòpọ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ wá ki sonicator (ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì ìró fọ́ òróró wẹ́wẹ́) bọ̀ ọ́: kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kó sinmi fún 5, títí iṣẹ́ gan-an yóò fi pé ìṣẹ́jú 10. Ó máa ń gbóná, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń gbé ife sínú yìnyín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é fún òróró àgbọn. Ó ń dì ní nǹkan bí 24°C. Omi tútù lásán tó, kó wà láàárín 30 sí 40°C. Fìríìjì náà dá kún un: òróró tó dì máa ń yọ ẹnu ṣóṣóró, á gún ẹ̀kán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á so pọ̀. Tó bá wá yọ́, wọ́n á di ẹyọ ńlá kan.

LábẹÀgbọn: Òótọ́ ni. Ẹ dín òróró kù sí 5. Tween 80 nìkan fẹ́ràn omi jù (HLB rẹ̀, ìyẹn òǹkà bó ṣe fẹ́ràn omi sí, jẹ́ 15). Ẹ lo Tween 3.6 pẹ̀lú Span 80 (ẹgbẹ́ Tween tó fẹ́ràn òróró) 1.4, HLB á bọ́ sí 12. Span lọ sínú òróró, Tween sínú omi. Inú òróró tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ibuprofen ti kọ́kọ́ yòrò tán; bí hóró bá ṣẹ́kù lọ́jọ́ kejì, ẹ dín in kù. Òróró ilé sábà máa ń ní omi nínú, ẹ sẹ́ ẹ dáadáa.

ỌmọÀjárà: Ẹ ṣé gan-an. Carbopol, ìyẹ̀fun tó ń mú omi ki, ni mo ní fún gẹ́ẹ̀lì. Ṣé ó dáa?

LábẹÀgbọn: Rárá, kì í ṣe fún ibuprofen. Kí Carbopol tó ki, ẹ gbọ́dọ̀ gbé pH rẹ̀ sókè (ìyẹn ni pé kó má kan tó bẹ́ẹ̀ mọ́), bẹ́ẹ̀ bí pH bá ti kọjá nǹkan bí 4.9, ibuprofen á máa di iyọ̀, á sá kúrò nínú òróró bọ́ sínú omi. Kí lẹ wá ń dá dúró? Hydroxyethylcellulose ń ki láìwo pH.

ApoògùnẸ̀pẹ́: Tẹ́ ẹ bá ń fi àpò dialysis (àpò oníhò tín-ín-tìn-ìn-tín tí oògùn ń gbà jáde) wo bí oògùn ṣe ń jáde, ẹ fi ibuprofen lásán tó ti yòrò sínú àpò kejì. Àpò fúnra rẹ̀ máa ń dá oògùn dúró. Láìsí ti ẹ̀gbẹ́ yẹn, ẹ ò ní mọ èwo ni iṣẹ́ àpò, èwo ni iṣẹ́ òróró.