Ojúlówó, ìwà àti wíwà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

A ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún èrò Jean-Paul Sartre, ọ̀mọ̀ràn ará Faransé. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀fà ní kí a máa lo "ìjẹ́-ojúlówó" fún ìgbé ayé tí Sartre ń wàásù rẹ̀, ìyẹn ti ẹni tí kò sá fún òmìnira ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn kò bá mi lára mu.

Àdúgbò tí wọ́n ti ń hun òfì ní Ìlọrin ni mo dàgbà sí. Oníbàárà á dé, á fi àtàǹpàkò ra etí aṣọ, á yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, á wá ní, "Ṣé ojúlówó ni?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó bá èyí tí òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ mu ni. Ahunṣọ náà sì ti ní àwòrán rẹ̀ lórí kó tó na òwú. Nínú àsọyé tí Sartre ṣe ní Paris lọ́dún 1945, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la ìwé ló fi ṣe àpẹẹrẹ: ẹni tó rọ ọ́ ti mọ ohun tí yóò jẹ́ kó tó wà. Ó ní èèyàn kò rí bẹ́ẹ̀, kò sí bátánì kankan nílẹ̀ tí a gé wa lé lórí. (Èmi gbà pé Ọlọ́run ló dá wa. Sartre ni kò gbà, èrò tirẹ̀ la sì ń wá ọ̀rọ̀ fún.) Bí a bá wá pe èèyàn ní ojúlówó, ojúlówó kí ni? Ta ló mú bátánì rẹ̀ lọ́wọ́?

Ẹlòmíì ní kí a pe òdìkejì ìgbé ayé yẹn, ìyẹn kéèyàn máa sá fún òmìnira ara rẹ̀, ní ìwà mùnáfìkì. Rárá o. Mùnáfìkì mọ òótọ́, àwa ló ń tàn. Ọkùnrin tó ń gbé kọfí fún oníbàárà, tí Sartre kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1943, tó ń yára jù, tó ń tẹ̀ síwájú jù, bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ iṣẹ́ náà ni, kò tan ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ara rẹ̀. Ìtanra-ẹni-jẹ nìyẹn, ó ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Nítorí náà, "àìtanra-ẹni-jẹ" ni tèmi. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tí yóò ní ká túmọ̀ rẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni gbólóhùn Sartre tó lókìkí, pé èèyàn á kọ́kọ́ wà ná, kó tó di irú ẹni tó dà. Ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀ sí "ìwà ṣáájú ìwà", ẹ sì fi rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Inú "wà" ni ìwà ti jáde. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn Gíríìkì àtijọ́, náà sọ pé orúkọ tí èdè Gíríìkì ń pe ìwà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń pe àṣà tó ti mọ́ni lára, àti pé bí ilé mímọ ṣe ń sọni di bíríkìlà, bẹ́ẹ̀ ni ṣíṣe òdodo ń sọni di olódodo. Òun àti Sartre kò gba ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń hun irú ẹni tí a ó jẹ́. Mo ní ká kọ ọ́ báyìí: "Wíwà ṣáájú ìwà."

Mo kà á sí ọmọ mi létí láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àwọn oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá rí i o. Wọ́n á kọ ọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n á ní ọkọ̀ wíwà lẹ ń sọ."