Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bí Olúgbódi, ọmọ oníka mẹ́fà, ẹ bá mi dá sí i

Ẹ kú ilé o. Lágere, n'Ílé-Ifẹ̀ níbí, ni mò ń gbé. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo bí ọmọkùnrin mi, ìka mẹ́fà ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Tòsì ò ju hóró ẹ̀wà lọ, awọ tín-ín-rín ló so ó rọ̀. Ṣùgbọ́n tọ̀tún ní eegun, ó ní èékánná, ó sì ń ká a mọ́ ọmú pẹ̀lú àwọn yòókù.

Ìyá ọkọ mi ní ká fi òwú so méjèèjì títí wọn á fi já, pé bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe ti ọkọ mi. Kókó kan ṣì wà lọ́wọ́ ọkọ mi dòní, tí nǹkan bá kàn án, á ta á. Nọ́ọ̀sì ní a ò gbọ́dọ̀ so eléegun, pé ó lè ṣẹ̀jẹ̀, ó sì lè kẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni, tó bá tó bí ọmọ ọdún kan. Nọ́ọ̀sì ni mo gbà gbọ́, àmọ́ màmá ò gbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ọmọ oṣù mélòó ni? Èló lẹ san? Ṣé wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ oorun? Báwo lẹ ṣe bá àwọn àgbà sọ ọ́?

Bàbá mi ti ń pè é ní Olúgbódi. Tá a bá gé e, ṣé orúkọ náà ṣì jẹ́ tirẹ̀?