Fọ́nrán kábọ̀ọ̀nù tí iná rẹ̀ le jù, tẹ́sítà ní òun ló ń dènà iná jù

Àdìó, Sheffield:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ nǹkan nípa fọ́nrán kábọ̀ọ̀nù, kó gbà mí. Ìdì méjì ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́ fún iṣẹ́ àṣekágbá máàsítà mi, T300 àti M40J, orúkọ irú fọ́nrán méjì nìyẹn. Fọ́nrán ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ló wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Ibi tí mo kàwé dé, bí iná tí wọ́n fi yan fọ́nrán bá ṣe le tó ni iná mànàmáná ṣe ń rí ọ̀nà gba inú rẹ̀ kọjá tó. Iná M40J ló sì le jù. Mo wọn mítà kọ̀ọ̀kan lára wọn: T300 fún mi ní nǹkan bíi 74 ohm (òun la fi ń wọn ìdènà iná), M40J fún mi ní 85! Èwo ni kí n gbà gbọ́, ìwé ni àbí tẹ́sítà?

Bọ̀dá Charleston:
Kí o tó dá tẹ́sítà lẹ́bi, báwo lo ṣe kàn án? Àwọn tó ń ṣe fọ́nrán yìí máa ń fi oje tín-ín-rín kan bò ó lára kó má baà máa fọ́n ká, iná kì í sì í gba inú oje yẹn. Bí o bá kàn fi ẹnu tẹ́sítà tọ́ ọ lára, oje lò ń wọ̀n.

Àdìó, Sheffield:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi acetone fọ oje yẹn kúrò, mo fi ọ̀dà fàdákà kun orí méjèèjì. Wáyà mẹ́rin ni mo sì lò, méjì ń gbé iná wọlé, méjì ń ka fóltéèjì. Mo tún un wọ̀n, ibì kan náà ló dúró sí.

Ẹ̀gbọ́n Nottingham:
Àbúrò, ìwé ò purọ́, tẹ́sítà náà ò purọ́. Sísanra lo ò tíì kà mọ́ ọn. Fọ́nrán T300 kan ṣoṣo fẹ̀ tó máíkírọ́ọ̀nù 7 (ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà nínú mílímítà kan), ti M40J ò ju 5 lọ. Kó ẹgbẹ̀rún mẹ́fà wọn jọ, kí o ṣírò ojú ibi tí a bá gé ìdì náà: T300 á fún ọ ní 0.23 mm², M40J á fún ọ ní 0.118. Wá fi 74 lọ́po 0.23, wàá rí 17. Fi 85 lọ́po 0.118, wàá rí 10. Máíkírò-ohm-mítà nìyẹn, òun ni resistivity tí ìwé ń sọ, bí nǹkan fúnra rẹ̀ ṣe ń dènà iná tó, láìka sísanra rẹ̀ sí. M40J ló ń jẹ́ kí iná kọjá jù, òun ló kàn tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Kí o sì mọ̀ pé bàbà ò ju 0.017 lọ, T300 tìrẹ ń dènà iná ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún bàbà. Ẹni tó bá sọ fún ẹ pé kábọ̀ọ̀nù máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wáyà ilé, rẹ́rìn-ín, kí o máa bá tìẹ lọ.

Ohun tí iná ń ṣe ni mo fẹ́ kó yé ẹ, torí wọ́n máa bi ẹ́. Irú okùn àkírílìkì tí wọ́n fi ń hun súwẹ́tà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, funfun báláú. Wọ́n á kọ́kọ́ yan án nínú afẹ́fẹ́ lásán ní 200 sí 300 °C. Ó máa dúdú, kò sì ní yọ́ mọ́ tó bá kan iná, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ò tíì lè gba inú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e wọ iléru tó kún fún náítírójìn, 1000 sí 1500 °C. Níbẹ̀ ni háídírójìn àti náítírójìn tó wà lára okùn náà ti ń sá jáde, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ló ń bá a lọ. Kábọ̀ọ̀nù ló ṣẹ́kù, ní pẹlẹbẹ kéékèèké tó rún mọ́ra bí aṣọ tí wọ́n rọ́ sínú agbọ̀n. T300 ò kọjá ibẹ̀.

M40J tún lọ síwájú. Láti 2000 lọ sókè títí dé itòsí 3000 °C, nínú ágọ́ọ̀nù, afẹ́fẹ́ tí kì í bá nǹkan jà, torí náítírójìn fúnra rẹ̀ ti ń bá kábọ̀ọ̀nù jà nígbà yẹn. Àwọn pẹlẹbẹ yẹn á fẹ̀ sí i, wọ́n á nà gbọọrọ bí fọ́nrán ṣe nà, àlàfo àárín wọn á dínkù láti nǹkan bíi 0.344 nanometer, á máa sún mọ́ 0.335 ti gíráfáìtì gan-an, irú kábọ̀ọ̀nù inú pẹ́ńsùlù. Ẹ̀bátí àwọn pẹlẹbẹ ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń gbé iná mànàmáná ti máa ń kọsẹ̀. Bí pẹlẹbẹ bá ṣe fẹ̀ tó ni ẹ̀bátí ń dínkù tó.

Àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Rosalind Franklin, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ nítorí DNA, ti fi hàn ní 1951 pé ìran méjì ni kábọ̀ọ̀nù: ìkan ń di gíráfáìtì bí iná bá ti le, ìkan ò ní dì í délẹ̀délẹ̀ bó ti wù kí wọ́n yan án tó. Ìran kejì ni tàkírílìkì sún mọ́. Èyí tí wọ́n ń fi ọ̀dà epo rọ̀bì ṣe ni ìran àkọ́kọ́, wọ́n sì ti yan òmíràn lára rẹ̀ tí resistivity rẹ̀ wálẹ̀ dé 1 sí 2.

Àdìó, Sheffield:
Háà! Sísanra! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an ni. Iléru tó wà ní láàbù wa ń dé 1100 °C. Ṣé mo lè tún T300 yan níbẹ̀ kí n rí i bó ṣe ń wálẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Nottingham:
Rárá o. Iná tó le jù lọ tó ti rí rí ló ń pinnu bó ṣe máa rí. Ó ti kọjá 1100 níléeṣẹ́, oje ara ẹ̀ nìkan lo máa jó. Bí atẹ́gùn bá sì yọ́ wọlé ńkọ́? Láti bíi 400 sí 500 °C ni ọ́síjìn á ti máa jẹ fọ́nrán náà. O lè ṣílẹ̀kùn iléru lọ́jọ́ kejì kí o má bá nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ẹ kú ọpọlọ o. Èmi ò mọ ju jákẹ́ẹ̀tì oníbátìrì tí mo ń wọ̀ lọ síṣẹ́ òru. Wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé kábọ̀ọ̀nù ló ń gbóná nínú ẹ̀. Ṣé irú èyí náà ni?

Bọ̀dá Charleston:
Irú ẹ̀ ni, mà. Ìdènà tí àbúrò ń wọ̀n yẹn ló ń sọ iná bátìrì di ooru lára yín. Ẹ má kàn ká a kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sínú báàgì. Fọ́nrán tó bá dá, iná á kóra jọ sórí ìwọ̀nba tó kù, ojú ibẹ̀ á sì gbóná jù.

Níbi tiwa, nídìí ọkọ̀ òfuurufú, ìdènà yẹn ìjọ̀ngbọ̀n ni. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n Boeing 787 ló jẹ́ fọ́nrán kábọ̀ọ̀nù tí wọ́n fi oje líle dì mọ́ra àti irú ẹ̀. Bí mànàmáná bá sán lu ara ẹ̀, kábọ̀ọ̀nù nìkan ò lè gbé iná yẹn lọ láìjóná, ìdí nìyẹn tí àwọ̀n bàbà fi wà lábẹ́ ọ̀dà. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í jẹ́ kí alumíníọ́ọ̀mù fara kàn án, torí yóò dípẹtà kíákíá.

Àǹtí Schenectady:
Ẹ̀yin ọkùnrin yìí ẹ ò dárúkọ àdúgbò mi. Nǹkan bí ọdún 1905, Willis Whitney ti General Electric níbí gbé fọ́nrán kábọ̀ọ̀nù inú gílóòbù wọ iléru tó le ju 3000 °C lọ. Títí dìgbà yẹn, bí fọ́nrán kábọ̀ọ̀nù inú gílóòbù bá ṣe ń gbóná ni ìdènà rẹ̀ ń wálẹ̀. Èyí tó jáde ń ṣe bí irin, ìdènà rẹ̀ ń gòkè bó ṣe ń gbóná. Ìyẹn ni wọ́n fi pe gílóòbù yẹn ní GEM (General Electric Metallized), pé wọ́n ti sọ kábọ̀ọ̀nù di irin.

Àdìó ọmọ mi, ìwọ náà lè fi ẹ̀rọ ìgbẹrun wò ó. Jẹ́ kí tẹ́sítà dúró lórí T300, fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí i láti ọ̀ọ́kán. Nọ́ńbà á wálẹ̀ díẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún wáyà bàbà, á gòkè.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Kó má fẹ́ ẹ nílé ìdáná o! Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ onífọ́nrán ní ó ń yún èèyàn lára fún ọjọ́ mélòó kan.

Bọ̀dá Charleston:
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìbòmú, ìbọ̀wọ́. Má gé e nítòsí kọ̀ǹpútà tó ṣí sílẹ̀, èérún fọ́nrán kan ṣoṣo lè so wáyà méjì pọ̀.

Àdìó, Sheffield:
Mo gbọ́, mà. Mo gbọ́, sà. Ẹ̀gbọ́n Nottingham, ìbéèrè kan ló kù: mi ò ní maikirosíkóòpù tí màá fi wọn máíkírọ́ọ̀nù 7. Ṣé kí n kàn gba ti ìwé?

Ẹ̀gbọ́n Nottingham:
Má gba ti ìwé. Gé mítà kan gééré, fọ oje kúrò, jẹ́ kó gbẹ, kí o gbé e sórí òṣùwọ̀n láàbù. T300 onífọ́nrán ẹgbẹ̀rún mẹ́fà á wọ̀n tó 0.4 gíráàmù. Pín in pẹ̀lú 1.76, ìyẹn ìwọ̀n gíráàmù tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà kíúbù kan. Ohun tó bá jáde ni ojú gígé rẹ̀ ní mm². Ṣe ti M40J bákan náà, 1.77 ni kí o fi pín tìẹ̀.