Báwo la ṣe lè mú kí ẹ́tánọ́ọ̀lù (irú álúkóhọ́ọ̀lù kan) tutù títí di ìrọ̀lẹ́ níbi àfihàn sáyẹ́ǹsì?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àfihàn sáyẹ́ǹsì tó wà fún gbogbo ará àdúgbò là ń múra sílẹ̀ fún. Ìta gbangba ni, kò sí iná. Ní tábìlì wa, àwọn ọmọdé yóò fojú rí DNA (èròjà tó ń gbé àbùdá ohun abẹ̀mí) inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n la ó tẹ̀ nínú ọ̀rá, pẹ̀lú omi ìdajì ife, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì àti ọṣẹ olómi ìfọwo ṣíbí tíì méjì. Ẹ má rò ó kíkankíkan: yóò hó, okùn DNA á sì já wẹ́wẹ́. Tí a bá ti sẹ́ ẹ, a ó rọra da ẹ́tánọ́ọ̀lù 95% tó tutù nini sí i lára ife, kó lè léfòó. Okùn funfun á yọ láàárín méjèèjì.

Tí ẹ́tánọ́ọ̀lù bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, okùn náà kì í fẹ́ hàn dáadáa. (Ògógóró ò lè rọ́pò rẹ̀, omi inú rẹ̀ ti pọ̀ jù.)

Ẹ̀yin tó ti ṣe irú rẹ̀ nínú oòrùn, yìnyín kílò mélòó ló tó kúlà lítà 20 fún wákàtí mẹ́fà? Ṣé ká da iyọ̀ sí yìnyín náà, àbí yóò tètè yọ́ jù?