Ìkòkò tábà òyìnbó tí kò wọ́n, tí mo lè fi ṣe àwòkọ́ṣe: èwo ni kí n rà?

Agbẹ́gilére Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ère ni mo ń gbẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Láti Ọjúde Ọba ọdún 2024 tí Farooq Oreagba ti gun ẹṣin tòun ti sìgá ńlá, àwọn ọmọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan ò jẹ́ kí etí mi sinmi. Wọ́n ní ti sìgá ti di ti ẹlòmíràn, ìkòkò tábà onígi làwọn fẹ́, kó dán, kó sì ṣeé mu.

Ìkòkò amọ̀ tí àwọn ìyá àgbà wa ń mu, ìyẹn ò ṣòro: orí amọ̀, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ó parí. Ti òyìnbó ni ọgbọ́n wà nínú ẹ̀. Àwòrán kún íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ àwòrán kì í fi inú hàn. Mo fẹ́ mọ ibi tí ihò èéfín ti já sí ikùn tí tábà ń wà, bí ara igi ṣe nípọn tó, bí ẹnu rẹ̀ ṣe tẹ́ tó láàárín eyín. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wálé láti Lọ́ńdọ̀nù fún Iléyá, ó ní kí n sọ èyí tí òun máa rà. Mo dárúkọ Dunhill, ìkòkò òyìnbó tó lórúkọ. Ó wo iye rẹ̀, ó ní ṣé kí òun ta ilé ni. Èwo ni apá wa lè ká?

ỌmọRẹ́mọ, Ṣàgámù

Peterson ti Dublin ni o! Èyí tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ kòtò sínú rẹ̀ kí omi má bàa dé ẹnu. Iṣẹ́ àtijọ́ ni, láti nǹkan bí 1890. Ẹni tó bá gbé e sẹ́nu lórí ẹṣin, ayé á mọ̀ pé ó dé.

Bàbá Oníkòkò, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọmọ Rẹ́mọ, fara balẹ̀. Ti oge lò ń sọ, ti iṣẹ́ lẹni yìí béèrè. Ìkòkò tó tẹ̀, ìdàgẹ̀rẹ̀ ni èèyàn ń lu ihò rẹ̀. Dírílì tó bá yà díẹ̀ á yọ síta lára igi. Billiard ni kó kọ́kọ́ rà, èyí tí ọrùn rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, tí orí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Gíga orí àti gígùn ọrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò sí ọ̀ṣọ́ tó lè bo iṣẹ́ burúkú mọ́lẹ̀ lára rẹ̀, ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Dunhill? Àmì funfun róbótó tó wà lókè ẹnu rẹ̀ lo fẹ́ sanwó fún. Tòkunbọ̀ ni kí ẹ̀gbọ́n rẹ wá, lọ́jà ẹrù àlòkù tàbí lórí eBay. Ti ilé-iṣẹ́ GBD wà, ti Comoy's wà, èyí tí wọ́n kàn kọ "London Made" sí lára láìsí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà. Kó ra méjì. Kí ìkejì jẹ́ èyí tó rọ̀ lówó jù tó rí, torí ayùn lo máa fi là á láti orí dé ẹnu.

Inú rẹ̀ lẹ̀kọ́ wà. Ikùn fẹ̀ tó bíi mìlímítà 19 tàbí 20, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí róbótó, ihò èéfín tó tó bíi mìlímítà 4 sì já sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Bó bá já sókè, tábà ìsàlẹ̀ á tutù, kò ní jó tán. Fi èékánná gba ibi tí ẹnu dúdú ti wọnú ọrùn: kò gbọdọ̀ kọ́ ọ. Ẹnu tó ti ṣá, tó ń ṣe bí àwọ̀ ewé, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro, sáńpépà á bọ́ ọ. Ọrùn tó sán ni kó sá fún.

Kó má ra Falcon, irin ni ọrùn rẹ̀. Kó má sì ra Missouri Meerschaum, tí wọ́n ń fi ṣùkù àgbàdo ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1869. Ó rọ̀ lówó, ó dùn ún mu, èmi náà ní in, ṣùgbọ́n ṣùkù kì í ṣe igi.

Agbẹ́gilére Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣeun, Bàbá. Igi ńkọ́? Àjákù apá àti ìrókò pọ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Bàbá Oníkòkò, Ìjẹ̀bú-Igbó

Fi apá ṣe ti fọ́tò, tí wọn ò ní tanná sí. Ìrókò, ìwọ náà mọ bí ekuru rẹ̀ ṣe ń ta imú. Ta ló fẹ́ fa èéfín gba inú rẹ̀? Briar ni wọ́n ń lò, kókó tó wà nídìí igi Erica arborea, lágbègbè òkun Mẹditaréníà. Iná kì í tètè jẹ ẹ́. Wọ́n ń tà á ní gbígé, tí wọ́n ti lu ihò rẹ̀, tí wọ́n ti fi ẹnu sí i, tó kù kí èèyàn gbẹ́ ìta. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ọ̀kan kún un.

ỌmọRẹ́mọ, Ṣàgámù

Bàbá, mo gbà fún yín. Àmọ́ tó bá mọ billiard gbẹ́ tán, èyí tó tẹ̀ ni kó gbẹ́ fún èmi o.

Bàbá Oníkòkò, Ìjẹ̀bú-Igbó

Kó o san àsansílẹ̀. Ìwọ agbẹ́gilére, tí tòkunbọ̀ náà bá dé, má fi ẹnu kàn án kó o tó fi ọtí líle fọ ihò rẹ̀ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Ẹnu ẹni ẹlẹ́ni ló ti wà.