Kí iléèwé tó wọlé lóṣù Kẹsàn-án: ẹ̀yin oníṣẹ́, kí ló máa ń bàjẹ́?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn òbí sì ti ń bèèrè iye tí nǹkan di lọ́jà. Ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ mọ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n máa ń wá bá lóṣù Kẹjọ, ẹ̀yin aránṣọ, oníbàtà, oníwèé, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọmọ wọlé: kí ni òbí ì bá mọ̀ kó tó náwó? Ẹ fi iye àti ìwọ̀n sí i. Àdúrà nìkan kọ́ o.

Aránṣọ, Ìbàdàn

Ẹ rẹ aṣọ kí wọ́n tó gé e. Aṣọ tí òwú pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń sún kì nígbà àkọ́kọ́ tó bá kan omi. Tí a bá ti rán an tán kó tó sún kì, ọ̀sẹ̀ kejì kò ní í pé tí ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì á fi gòkè kúrò lọ́rùn ọwọ́ ọmọ, aránṣọ ni wọ́n á sì bú. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ má fún un, ẹ sá a síbi tí oòrùn kò ti mú jù, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ tó gbé e wá. Èyí tí rọ́bà pọ̀ nínú òwú rẹ̀ kì í sún tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi igun rẹ̀ kan sínú omi ọṣẹ wò. Tí àwọ̀ bá ń jáde, ẹ dá a padà fún aláṣọ lójú ẹsẹ̀, torí kò sí aláṣọ tó ń gba aṣọ tí sísọ́ọ̀sì ti kàn.

Ti ọmọ tó ń dàgbà: gígùn ni a ń fi sílẹ̀, a kì í fi èjìká sílẹ̀. Ẹ ní kí aránṣọ ṣẹ́ íńṣì 3 sínú ìṣẹ́tí ṣòkòtò àti ti pinafọ́ọ̀, kó sì fi íńṣì 1 pamọ́ sí ojú rírán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìyẹn á ṣe é tú lọ́dún tó ń bọ̀. Àmọ́ òbí tó bá ní kí á rán èjìká fẹ̀ "kó lè lò ó pẹ́", aṣọ ẹlẹ́yà ló ń rà fọ́mọ, ọrùn rẹ̀ á máa yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Ìdí ṣòkòtò ọmọkùnrin, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí wọ́n rán ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ya.

Aṣọ méjì ló kéré jù. Tí ṣẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ funfun, ẹ ṣe mẹ́ta. Ẹ sì gbé e wá lóṣù Keje. Tó bá ti di ìparí oṣù Kẹjọ, ọmọ iṣẹ́ ló ń rán bọ́tìnnì, òwú ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sì ń fi dè é.

Oníbàtà, Èkó

Ẹ̀gbọ́n aránṣọ, ti aṣọ ni ẹ sọ yẹn. Bàtà kì í ṣe ohun à ń rà lóṣù Keje, ẹsẹ̀ ọmọ kì í dúró de oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ méjì sí ìwọlé tó.

Tí ọmọ kò bá ní í bá yín lọ sọ́jà, ẹ fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ tílẹ̀ bá fi máa ṣú. Kó dìde dúró, ẹ má wọ̀n ọ́n lórí ìjókòó. Láti gìgísẹ̀ dé orí ọmọ ìka tó gùn jù, tí kì í fìgbà gbogbo jẹ́ àtàǹpàkò. Ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ mú èyí tó tóbi jù, ẹ fi ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ yín kan lé e, ẹ ṣẹ́ ọ̀pá náà síbẹ̀. Inú bàtà tí ọ̀pá yẹn bá wọ̀ láìtẹ̀ ni tirẹ̀.

Ẹ tẹ bàtà náà wò. Ibi ọmọ ìka ló yẹ kó ti tẹ̀. Èyí tó bá tẹ̀ láàárín gbùngbùn yóò kán. Ohun tó ń ba púpọ̀ jẹ́ ni pé gúlúù nìkan ló di àtẹ́lẹsẹ̀ mú, oṣù Kẹsàn-án sì jẹ́ oṣù òjò níhìn-ín. Kí ọmọ tó wọ̀ ọ́ rárá, ẹ gbé e fún ṣúmékà kó fi òwú rán an yíká. Lẹ́yìn tó bá ti ṣí tán, iyanrìn á ti wọ inú gúlúù, rírán náà kò ní í mú dáadáa mọ́.

Oníwèé, Òṣogbo

Ìwé kíkà ni kí ẹ fara balẹ̀ yẹ̀ wò, kì í ṣe ìwé ìkọ̀wé. Ayédèrú pọ̀. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń nípọn bíi pé ó ti mumi, àwòrán rẹ̀ máa ń dúdú, tí ẹ bá fi ìka tútù ra á, tádàwà á yí. Kódà ojúlówó lè ní àléébù: ìdìpọ̀ ìdìpọ̀ ni wọ́n ń di ìwé, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ojú ewé 16 tàbí 32, nítorí náà tí ojú ewé bá sọnù, odindi ìdìpọ̀ ló sábà máa ń sọnù. Ẹ má ka gbogbo rẹ̀. Ẹ kàn ṣí i ní bíi 16, 32, 48, títí lọ, kí ẹ wò bóyá nọ́ńbà ń tẹ̀lé ara wọn. Ìdúró yín kò ní í ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ tún bèèrè ẹ̀dà wo ni olùkọ́ ń lò, torí ẹ̀dà tuntun àti ti àtijọ́ kì í ní ojú ewé kan náà, ọmọ á sì máa wá iṣẹ́ àṣetiléwá kiri.

Ìwé ìkọ̀wé: ewé 40 jẹ́ ojú ìwé 80, ó tó sáà kan fún iṣẹ́ tí kì í ní àkọsílẹ̀ púpọ̀. Ewé 60 sókè ni kí ẹ rà fún Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìkọ̀wé, onílà méjì ni. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ ló dára jù láti fi bo ìwé. Ẹ jẹ́ kó yọ ní íńṣì 2 sí 3 kí ẹ lè ká a sínú. Ẹ kọ orúkọ ọmọ sí èèpo inú, kí ẹ sì tún kọ ọ́ kékeré sí ojú ewé kan tí ẹ̀yin nìkan mọ̀. Olè ìwé máa ń ya èèpo.

Akọ̀wé iléèwé girama, Abẹ́òkúta

Tèmi ni orúkọ. Ọmọ tó ń wọ JSS 1 ń kó ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, èsì ìdánwò àṣewọlé, ìwé àṣejáde láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù wá. Ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì kan, kí ẹ kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan á ní Oluwaseun, èkejì Seun, ẹ̀kẹta Sheun. Ẹ̀mí òbí balẹ̀ torí gbogbo wa mọ̀ pé ọmọ kan náà ni, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀. JAMB, àwọn tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, ń béèrè NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè; orúkọ tó wà lórí NIN ni yóò sì jáde. Ọdún tó bá kan ìdánwò àṣejáde, ìlà tí ẹ máa tò láti ṣàtúnṣe kì í ṣe kékeré. JSS 1 ni kí ẹ ti tún un ṣe.

Tí ọmọ kò bá tíì ní NIN, tí kò sì tíì pé ọdún 16, òbí kan gbọ́dọ̀ bá a lọ pẹ̀lú NIN tirẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ. Ẹ lọ nínú ìsinmi. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ iléèwé irú àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ lẹ́yìn fọ́tò kí ẹ tó yà á.

Alájọ, Àkúrẹ́

Mi ò ní í sọ púpọ̀. ₦500 lójúmọ́, oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́: ti ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ, ₦14,500 jẹ́ tiyín. Láti oṣù Kìíní dé oṣù Kẹjọ, ₦116,000. Ẹ ní kí wọ́n ya káàdì iléèwé sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọjà, torí káàdì kan ṣoṣo, ọjà ló máa jẹ ẹ́. Orí alájọ Ṣómólú pé lóòótọ́, àmọ́ ohun tí alájọ tiyín bá kọ sílẹ̀ ló ṣe pàtàkì: ẹ máa wo káàdì yín lójoojúmọ́ tó bá ti kọ ọ́.

Ìyá olóúnjẹ, Iléṣà

Fúláàsì oúnjẹ kì í mú oúnjẹ gbóná, ó kàn ń tọ́jú ooru tó bá bá lára rẹ̀ ni. Tí ẹ bá bu ìrẹsì lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i láago mẹ́fà àárọ̀, tó bá fi máa di ìsinmi ọ̀sán, ó ti kan. Ẹ da omi híhó kún un, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, ẹ dà á nù, kí ẹ bu oúnjẹ tó ń rú èéfín sí i kó kún. Fúláàsì tí kò kún máa ń tètè tutù. Ọbẹ̀ àná, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa. Kó kàn lọ́wọ́ọ́wọ́ kò tó. Ẹ máa yọ rọ́bà ẹnu ìdérí fọ̀ lálẹ́, abẹ́ rẹ̀ ni òórùn yẹn ti ń wá.

Ẹni tó bèèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n aránṣọ, tí a bá tú ìṣẹ́tí íńṣì 3 yẹn lọ́dún tó ń bọ̀, ìlà rẹ̀ kò ní í hàn?

Aránṣọ, Ìbàdàn

Á hàn. Àwọ̀ ara aṣọ á ti ṣí, ti èyí tó wà nínú kò ní í ṣí. Ẹ má tú u tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ rán ojú kan lórí ìlà náà gan-an pẹ̀lú òwú tó bá aṣọ mu, á dà bí iṣẹ́ ọ̀ṣọ́.